Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Lọ́dọ̀ Olùtọ́jú Ọkàn: Ìtàn Tẹ́rápì Láti Àga Ìrọ̀gbọ̀kú Dé Ojú Fóònù

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tẹ́rápì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ìyẹn ìtọ́jú ọkàn tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe láàárín ẹni tí ìdààmú bá àti ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú náà, fọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé kó tó rí ènìyàn. Fọ́ọ̀mù náà yóò béèrè bí oorun rẹ̀ ti rí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, yóò ní kó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí àṣírí, yóò béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè bí ewu bá dé, yóò sì sọ iye tí yóò san bí kò bá yọjú ní wákàtí tí wọ́n fún un. Nígbà tí ojú olùtọ́jú bá wá hàn nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí ẹni náà jókòó sí gan-an, àti bóyá ẹlòmíràn wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ó rọrùn láti rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló hùmọ̀ gbogbo èyí, àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ìlànà wọ̀nyí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, a sì lè tọ́ka sí ìlú àti ọdún tí ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn wọn ló dára jù lọ láti fi ṣàlàyé ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yóò bá níbẹ̀.

Ìlú Vienna ní ilẹ̀ Ọ́síríà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1880 sí 1882, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Josef Breuer ń tọ́jú ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Bertha Pappenheim, ẹni tí apá kan ara rẹ̀ rọ, tí ohùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tí èdè abínibí rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ nígbà kan débi pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń sọ. Breuer ṣàkíyèsí pé bí obìnrin náà bá ti sọ ìtàn ohun tó bà á nínú jẹ́ tán, ara rẹ̀ máa ń fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin náà gan-an, kì í ṣe oníṣègùn rẹ̀, ló sọ ohun tí wọ́n ń ṣe náà ní ìwòsàn ọ̀rọ̀ sísọ. Breuer àti Sigmund Freud kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n jọ tẹ̀ jáde ní 1895, níbi tí wọ́n ti pè é ní Anna O. kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí a rántí pé ara obìnrin náà kò yá pátápátá lẹ́yìn ìtọ́jú yẹn, pé ó tún wọ ilé ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀, kó tó wá di ẹni ńlá nínú ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Júù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìtọ́jú yìí ti jẹ́ ohun tó ń gba àkókò, tí kì í sì í lọ tààrà bí ọfà.

Ní ọdún 1913, Freud tẹ àròkọ kan jáde tó dá lé bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nìkan. Ó fi iṣẹ́ náà wé ayò ṣẹ́ẹ̀sì, nínú èyí tí ó jẹ́ pé bí a ṣe ń ṣí i àti bí a ṣe ń parí rẹ̀ nìkan ni ìwé lè kọ́ni, tí gbogbo ohun tó wà láàárín sì kọjá ohun tí ìwé lè kà tán. Ohun tó yani lẹ́nu nínú àròkọ náà ni bí ó ti jọ ìwé àdéhùn tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń fọwọ́ sí lónìí. Freud sọ pé òun máa ń kọ́kọ́ gba ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì péré, láti fi wo bóyá ìtọ́jú náà bá a mu, kí àwọn tó ṣe àdéhùn tó gùn. Ó sọ pé wákàtí tí òun bá ti yà sọ́tọ̀ fún ènìyàn di tirẹ̀, yóò sì san owó rẹ̀ bó wá bí kò wá. Ó rọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe tijú láti sọ̀rọ̀ owó ní gbangba, nítorí pé ẹni tó bá ń yẹ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ kò lè retí kí ẹni tó ń tọ́jú sọ òótọ́ nípa ohun mìíràn. Sí ẹni tó bá béèrè pé ìgbà wo ni ìtọ́jú yóò parí, ó mú ìtàn Aesop lò, ìtàn arìnrìn-àjò tó béèrè bí ọ̀nà ti jìn tó, tí wọ́n sì ní kó máa rìn ná, nítorí ẹni tí kò tíì rí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò lè mọ ìgbà tí yóò dé.

Òfin kan ló fi ṣe olórí gbogbo wọn: kí ẹni tó wá gba ìtọ́jú sọ ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, ìbáà ṣe ohun ìtìjú, ìbáà ṣe ohun tó dà bí ẹni pé kò nítumọ̀, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé ọkọ̀ ojú irin bá ń ròyìn ohun tó ń kọjá fún ẹni tó jókòó sínú. Fún ẹni tí a tọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ibí yìí gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ tẹ́rápì ti sábà máa ń ṣòro jù. Ẹni tó lọ dá Ifá kì í sábà sọ ohun tó gbé e dé ilé babaláwo. Yóò mú owó, yóò sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, yóò gbé e kalẹ̀, ó sì di ọwọ́ Ifá láti sọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gbé irú ìrètí bẹ́ẹ̀ lọ bá olùtọ́jú ọkàn yóò jókòó, yóò máa dúró kí wọ́n sọ tirẹ̀ fún un, olùtọ́jú náà yóò sì máa dúró kí òun náà sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó ń wà láàárín àwọn méjèèjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìmọ̀ṣẹ́, ó sì dára kí ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó má bàa rò pé òun ti fi owó òun ṣòfò.

Àga ìrọ̀gbọ̀kú tí àwọn aláìsàn Freud ń dùbúlẹ̀ lé, tí ọ̀kan nínú wọn ta á lọ́rẹ ní nǹkan bí ọdún 1890, ṣì wà títí dòní ní ilé tí Freud sá lọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1938, ilé tó ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Freud fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sẹ́yìn àga yìí, níbi tí aláìsàn kò ti lè rí i. Lára ìdí tó sọ ni pé òun kò lè fara dà á kí ènìyàn máa tẹjú mọ́ òun fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ohun tó sá fún yìí ni ẹ̀rọ ìgbàlódé gbé padà wá, nítorí pé nínú ìpè fídíò ojú méjèèjì ń kọjú síra wọn ní tòsítòsí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì tún ń rí ojú ara rẹ̀ ní igun kan bí ìgbà tó ń sunkún níwájú dígí. Jeremy Bailenson ti Yunifásítì Stanford kọ ní 2021 pé ojú tó tóbi tó sì sún mọ́ni jù, àti wíwo ara ẹni láìdáwọ́ dúró, wà lára ohun tó ń mú kí irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa tánni lókun. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú fi máa ń gba ẹni tuntun nímọ̀ràn pé kó pa àwòrán ara rẹ̀ rẹ́ lójú ẹ̀rọ tàbí kó gbé fóònù jìnnà díẹ̀. Àwọn mìíràn yan ohùn lásán, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ padà sí ibi tí Freud wà láìmọ̀.

Títọ́jú ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn pàápàá kì í ṣe ohun titun. Ní 1909, Freud tẹ ìròyìn jáde nípa ọmọkùnrin ọdún márùn-ún kan tó ń bẹ̀rù ẹṣin, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ fojú kàn lẹ́ẹ̀kan péré nígbà ìtọ́jú náà. Bàbá ọmọ náà ló ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì ń ròyìn fún Freud. Lẹ́tà ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Fóònù ló tẹ̀ lé e, àlùfáà kan ló sì sọ ọ́ di ohun ìtọ́jú. Chad Varah, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ti sin ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá kan ní 1935, ọmọ tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí pé nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì rò pé àrùn ìbálòpọ̀ ni, tí kò sì rí ẹni kan ṣoṣo tó lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 1953 ni Varah ṣí ìlà fóònù sílẹ̀ ní ìjọ St Stephen Walbrook ní àárín Lọ́ńdọ̀nù fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú láti pa ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Samaritans ti hù jáde. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó wá ń bá a po tíì fún àwọn tó ń dúró dè é ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dúró náà máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn fún àwọn, tí wọn kì í sì í fẹ́ rí àlùfáà mọ́. Kí ó tó pé oṣù mẹ́rin, Varah ti fa fóònù náà lé wọn lọ́wọ́. Ohun tí ìlà yìí fi kún ìtọ́jú ọkàn ni pé ènìyàn lè sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ láyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí kò sì rí ojú rẹ̀. Àmọ́ ó yẹ kí a fìyàtọ̀ sí i: ìlà pàjáwìrì wà fún wákàtí ewu, kì í ṣe tẹ́rápì, bẹ́ẹ̀ ni tẹ́rápì olóṣẹ̀ọ̀sẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ ìlà pàjáwìrì, ohun tí ìwé àdéhùn orí íntánẹ́ẹ̀tì sì máa ń kọ́kọ́ tẹnu mọ́ nìyẹn.

Amẹ́ríkà ni àwòrán ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Nebraska jẹ́ ìpínlẹ̀ oko tó fẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ rẹ̀ kò tó nǹkan, tí wọ́n sì kóra jọ sí ìlú Omaha. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Cecil Wittson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nebraska Psychiatric Institute bẹ̀rẹ̀ sí í lo tẹlifíṣọ̀n olójú méjì, ìyẹn èyí tí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan lè rí ẹnì kejì kó sì gbọ́ ọ, láti fi tọ́jú àwọn aláìsàn ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́. Olùtọ́jú jókòó sí yàrá kan, àwọn aláìsàn wà ní òmíràn, wọ́n sì fi wọ́n wé ẹgbẹ́ tí olùtọ́jú wà láàárín wọn gan-an. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ nípọn. Nígbà tó di 1964, wọ́n ti so Omaha pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn ìjọba ní Norfolk, tó jìnnà tó máìlì 112, aláìsàn tí ìbá máa dúró de oníṣègùn fún ìgbà pípẹ́ sì lè bá a sọ̀rọ̀ láìkúrò ní wọ́ọ̀dù. Àìtó oníṣègùn ló bí ìmọ̀ yìí. Wọn kò dá a sílẹ̀ fún ìgbádùn ẹni tó fẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ní Boston, wọ́n so ilé ìwòsàn Massachusetts General mọ́ pápákọ̀ òfúrufú Logan ní 1968, Thomas Dwyer sì kọ nípa ìtọ́jú ọpọlọ orí tẹlifíṣọ̀n ní 1973, níbi tó ti sọ pé ó rọ àwọn ẹlòmíràn lọ́rùn láti bá oníṣègùn inú ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n jọ jókòó lọ.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn fúnra rẹ̀ náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Joseph Weizenbaum ti MIT ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tó pè ní ELIZA, tó kéde rẹ̀ ní 1966. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju pé kó gba ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ sí i, kó yí i padà sí ìbéèrè, bí àwọn olùtọ́jú tó tẹ̀ lé ìlànà Carl Rogers ti máa ń ṣe. Síbẹ̀, akọ̀wé Weizenbaum, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ọ̀gá òun jọ̀wọ́ jáde nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ yìí ba Weizenbaum lẹ́rù débi pé ó kọ odindi ìwé kan ní 1976 láti fi kìlọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ kí a gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní fóònù, ìkìlọ̀ rẹ̀ tọ́ síi ju ti ọjọ́ tó kọ ọ́ lọ, ó sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti béèrè ní tààràtà bóyá ènìyàn ló wà ní ìpẹ̀kun kejì.

Íntánẹ́ẹ̀tì gan-an kò pẹ́ kó tó di ojú ọ̀nà. Yunifásítì Cornell ti ń dáhùn ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀rọ láìbéèrè orúkọ wọn láti 1986, àwọn olùtọ́jú díẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó fún ìtọ́jú orí ímeèlì ní àárín àwọn ọdún 1990. Ohun tó jinlẹ̀ jù ni ti Alfred Lange àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Amsterdam, tí wọ́n ní kí àwọn tí ohun burúkú ti ṣẹlẹ̀ sí kọ ìtàn rẹ̀ sójú íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú 45 nígbà kọ̀ọ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kí olùtọ́jú tí wọn kò rí máa fèsì. Ìtọ́jú náà mú ìrora ọ̀pọ̀ wọn dínkù. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ìlànà tí Aaron Beck gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 mu, ìlànà tó ń yẹ èrò àti ìṣe ojoojúmọ́ wò, tó sì ń fún ènìyàn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí wọ́n bá ní kó máa kọ ìgbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ àti ohun tó ń rò nígbà náà sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń so oníbàárà pọ̀ mọ́ olùtọ́jú dìde ní nǹkan bí 2012 àti 2013, àmọ́ àrùn kòrónà ti ọdún 2020 ló sọ ohun tí àwọn díẹ̀ ń ṣe di ti gbogbo ayé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ó ku àwọn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù. Ti oorun àti ìbànújẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sábà máa ń wá láti inú PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí Kroenke, Spitzer àti Williams tẹ̀ jáde ní 2001, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àmì láti òdo sí mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 27. Kì í ṣe ìdánwò tí ènìyàn ń yege tàbí tó ń fìdí rẹmi, òṣùwọ̀n ni, wọ́n sì máa ń tún un béèrè láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Ìkìlọ̀ inú ìwé àdéhùn pé àṣírí ní ibi tó mọ wá láti inú ẹjọ́ kan ní California. Ní 1969, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ fún olùtọ́jú rẹ̀ pé òun yóò pa ọmọbìnrin kan, ó sì pa á, láìsí ẹni tó kìlọ̀ fún ọmọbìnrin náà tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá a ní 1976 pé ojúṣe wà lọ́rùn olùtọ́jú láti dáàbò bo ẹni tí aláìsàn bá fẹ́ ṣe ní jàǹbá. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùtọ́jú, àní ní òkèèrè, ti máa ń sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àwọn yóò pa ohun gbogbo mọ́ àfi ohun tó bá fi ẹ̀mí sínú ewu. Ọ̀rọ̀ àṣírí sì ti gba ọ̀nà mìíràn wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà mú kí ilé-iṣẹ́ tẹ́rápì orí ẹ̀rọ kan gbà láti san 7.8 mílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀sùn pé ó fi ìsọfúnni àwọn oníbàárà rẹ̀ fún àwọn olùpolówó ọjà. Ìwé àdéhùn gígùn tí gbogbo ènìyàn ń fò kọjá yẹn yẹ ní kíkà.

Ìbéèrè nípa ibi tí ènìyàn jókòó sí, ti òfin àti ti ààbò ni. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún olùtọ́jú ní ìwé àṣẹ, ibi tí ẹni tó ń gba ìtọ́jú wà ni òfin sì kà sí ibi tí ìtọ́jú ti wáyé. Yorùbá tó ń gbé Houston, tó sì fẹ́ olùtọ́jú tó gbọ́ èdè rẹ̀, lè rí ọ̀kan ní Maryland tí òfin kò gbà láyè láti tọ́jú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2020 ni àdéhùn kan ti ń jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá sọdá láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó fọwọ́ sí i. Ní Britain, orúkọ oyè bíi olùgbaninímọ̀ràn kò ní òfin tó dáàbò bò ó, nítorí náà ẹni tó ń wá olùtọ́jú níbẹ̀ ní láti yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú ìwé àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà.

Nàìjíríà ní ìtàn tirẹ̀, èyí tó lọ sí apá kejì pátápátá. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti Britain dé ní 1954 láti ṣe olórí ilé ìwòsàn Aro, ìkọ́lé ibẹ̀ kò tíì parí. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé bí àwọn ilé ìtọ́jú ìjọba amúnisìn ti ń ṣe, ó bá àwọn baálẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ṣe àdéhùn kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa wá gba oògùn àti ìtọ́jú ní ọ̀sán, kí wọ́n sì padà sáàárín ènìyàn ní alẹ́. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Òfin orílẹ̀-èdè kò rìn kánkán bẹ́ẹ̀: òfin àwọn wèrè tó ti wà láti 1916, tí wọ́n tún kọ ní 1958, ni Nàìjíríà ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́rápì lórí fóònù ní Ìbàdàn tàbí Èkó nínú ilé tí yàrá kò pọ̀ ní láti wá ibi tó dákẹ́. Àwọn kan ń lo inú mọ́tò tí wọ́n ti gbé kalẹ̀, àwọn mìíràn ń dúró dìgbà tí ilé bá ṣófo, wọ́n sì ń bá olùtọ́jú ṣe àdéhùn ṣáájú lórí ohun tí wọn yóò ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já tàbí bí iná bá lọ. Ní Aro ọdún 1954, wọn kì í gba aláìsàn sí abúlé bí kò bá mú ìbátan kan dání, ìyá, àbúrò tàbí ọmọ, ẹni tí yóò máa gbọ́únjẹ fún un, tí yóò sì máa bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Lójú fóònù, kí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀, olùtọ́jú yóò béèrè bóyá ilẹ̀kùn ti wà ní títì, yóò sì dúró de ìdáhùn.